Mẹ́wàá Nínú Mẹ́wàá fún Ìyá Ọkọ

"Nọ́ńbà kẹjọ, Mukhtar Bọ̀wálé?"

"Present, Ma!"

Inúmidùn fi báírò fa máàkì síwájú orúkọ káfíńtà náà. Ó gbé ojú sókè, ó tún yára gbé e wálẹ̀. Orúkọ tó kàn nínú rẹ́jísítà ni orúkọ tí kò tíì ti ẹnu rẹ̀ jáde rí láti ọdún mẹ́fà tó ti wọlé ọkọ. Ó wúkọ́.

"Nọ́ńbà kẹsàn-án," ló wí.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, tó ró àńkárá aláwọ̀ ewé, tó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, ń wo ojú fèrèsé bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

"Nọ́ńbà kẹsàn-án, ẹ jọ̀ọ́, Ma."

"Ta ló ń jẹ́ Nọ́ńbà?" ni obìnrin náà bi í, kò sì yíjú. "Àlùfáà tó sọ mí lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ kò pè mí ní Nọ́ńbà o."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Inúmidùn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òógùn ti bo imú rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe la ẹnu pe Wòsílátù Ọládiípọ̀, ìyá tó bí Bọ́dúnrìn ọkọ rẹ̀, lórúkọ gbàgà níwájú èèyàn mọ́kànlá? Níbi tí wọ́n ti bí Inúmidùn ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin, ọmọ ọdún mẹ́ta tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ pàápàá, orúkọ àdàpè ni yóò fún un. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, ìkúnlẹ̀ kékeré tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí, ó fa máàkì, ó sì kọjá sí nọ́ńbà kẹwàá.

Kì í ṣe òun ló dá kíláàsì náà sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Walter, tíṣà àtijọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló dá a sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tí Gẹ̀ẹ́sì wù, nínú yàrá kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Inúmidùn ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń pàdé. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Bàbá Walter lẹ́nu, tí ọmọ rẹ̀ sì wá mú un lọ sí Àkúrẹ́, ó kó rẹ́jísítà, ṣọ́ọ̀kì àti báírò pupa lé Inúmidùn lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀, àfi ìgbà tó ṣí rẹ́jísítà tó rí ẹni tó wà ní nọ́ńbà kẹsàn-án.

Fóònù ló gbé Wòsílátù dé kíláàsì. Ayọ̀tọ̀míwá, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, pàdé ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ernest níbi iṣẹ́ ní Èkó, ọmọ Úyò ni, wọ́n sì fẹ́ fẹ́ ara wọn. Ernest kò gbọ́ Yorùbá kọjá "ẹ káàárọ̀", ìyá rẹ̀, Màmá Matilda, kò sì gbọ́ ìyẹn pàápàá. Lọ́jọ́ tí Màmá Matilda kọ́kọ́ pe Wòsílátù lórí fóònù láti mọ̀ ọ́n, gbogbo ohun tó bá ti wí ni Wòsílátù ń dáhùn pé "Yes." Ó ní ohùn rẹ̀ dún bí ẹni tó rẹ̀, ṣé àìsàn ni? "Yes." Ṣé ó le? "Yes, yes." Ni obìnrin Úyò bá figbe ta, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà lórí fóònù fún odidi ogún ìṣẹ́jú, Wòsílátù sì ń fi tayọ̀tayọ̀ ṣe àmín sí i. Lọ́jọ́ kejì, Ernest já wọlé pẹ̀lú ọsàn, ápù àti ìgò oyin fún aláìsàn. Ó bá aláìsàn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ níbi tó ti ń jẹ òjòjò.

Ojú ti Wòsílátù dé inú eegun. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló lọ ra ìwé àti báírò.

Nígbà tí Inúmidùn kọ́kọ́ kó ìwé wọn jọ láti máàkì, ìdánwò ìbéèrè mẹ́wàá ni, ìyá ọkọ rẹ̀ sì gba mẹ́ta péré. Bí báírò pupa ṣe fẹ́ fi ẹ́kìsì sí èyí tó kọ́kọ́ ṣì, ó rántí ọ̀rọ̀ apá bùbá. Lọ́dún àkọ́kọ́ tó wọlé ọkọ, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá ọkọ rẹ̀ ní Fọlágbadé, ó sì sọ níwájú oníbàárà pé apá bùbá kan gùn ju èkejì lọ. Ó sì gùn jù ú lọ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Wòsílátù kò fi bá a sọ ju "o káàárọ̀" lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọbẹ̀ tí ìyá ọkọ Inúmidùn sè tí kò dùn, kò sì sí aṣọ tó rán tí kò gún. Nítorí náà, máàkì ni ọwọ́ rẹ̀ fà dípò ẹ́kìsì. Ó fa ìkejì, ó fa ìkẹta. Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́rin, kò tilẹ̀ ka ìwé náà mọ́. Bó bá ti rí orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni.

Lọ́jọ́ Ajé tí à ń wí yìí, nígbà tó ti pín ìwé fún wọn tán, Mukhtar nawọ́ sókè.

"Tíṣà, ẹ dákun, ẹjọ́ kan wà lẹ́nu mi o. Èmi àti Ìyá Bọ́dúnrìn la jọ ń jókòó. N ò ní purọ́, ohun tí wọ́n kọ ni mo yọjú wò tí mo sì kọ. Kí ló dé tí tiwọn gba máàkì, tí tèmi gba ẹ́kìsì?"

"Ẹ ò rí i, Bàbá Mukhtar," ni Inúmidùn wí, ó ń wá ọ̀rọ̀ kiri, "ìwé tiyín ni ò mọ́."

"Háà! Àṣé lẹ́búlẹ́bú pákó ní í ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́!"

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Wòsílátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Mukhtar, ó wo Inúmidùn, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì dìde.

"Ẹ bá mi gbọ́ o. Sátidé tó ń bọ̀ yìí, àwọn àna mi ń bọ̀ láti Úyò. Ayọ̀tọ̀míwá ní òun máa ṣe ògbufọ̀. Mo ní rárá. Ẹni tó ń gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, kí ló fẹ́ fi ògbufọ̀ ṣe? Èmi fúnra mi ni n ó kí wọn káàbọ̀ lédè òyìnbó. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé."

Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "You are welcome. Well done for the road. Well done for the sun. Well done for sitting down. Well done for three days. Your son has entered my eye. My daughter is soup..."

Ó ń kà á lọ bí ẹni tó ń ka ìwé mímọ́. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un débi tí àwọn adìẹ tó wà lẹ́yìn fèrèsé fi túká.

"Tíṣà," ni Wòsílátù wí, "ṣé ó dáa?"

Èèyàn méjìlá ló ń wo Inúmidùn, ṣùgbọ́n ojú ẹnì kan ṣoṣo ni òun ń wò. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ẹnu rẹ̀ là, ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni, "Ó dáa gan-an ni, Ìyá."

*

Bọ́dúnrìn, ọkọ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé láti Odògbolú, ó sì ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ nígbà tí Inúmidùn gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìwọ lọmọ wọn. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn."

"Kí n sọ kí ni?"

"Pé gbogbo máàkì tí mo ti ń fún wọn láti oṣù mẹ́rin, irọ́ ni. Pé bí wọ́n bá ka ohun tí wọ́n kọ yẹn lójú àwọn àna wọn, wọ́n máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín dé Úyò."

Bọ́dúnrìn dá òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. "Inúmidùn, ṣé o fẹ́ di opó ni?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti pé ọmọ ogójì ọdún, mo sì ń jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́. Títí di òní, bí màámi bá ní kí n yọ ahọ́n síta, n ó yọ ọ́. Èmi ni n ó wá sọ fún wọn pé wọn ò mọ̀wé? Kì í ṣe ọwọ́ mi ni báírò pupa wà." Ó mú òkèlè rẹ̀ padà, ó tì í bọ ọbẹ̀. "Ṣùgbọ́n ṣá o, bí ìwọ ò bá sọ ọ́, Sátidé á sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Inúmidùn. Ní Ọjọ́bọ̀, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ ìkíni kúkúrú kan sínú bébà, ó sì gba Fọlágbadé lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ. Obìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyàwó pásítọ̀ kan tó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún dáadáa, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ìjọ, ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kí n bá yín kọ nǹkan kékeré kan fún ti Sátidé. Kò gùn. Bóyá ẹ lè fi..."

"Kí ló ṣe tèmi?"

"Kò sí o. Kò sí ohun tó ṣe é."

"Ṣé àṣìṣe wà níbẹ̀ ni?" Wòsílátù gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó sì wo Inúmidùn láti orí gíláàsì rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu báyìí. Ẹsẹ̀ kan péré ni Inúmidùn ì bá gbé.

"Àṣìṣe kẹ̀, Ìyá! Ó kàn gùn díẹ̀ ni."

"Ṣé bó gùn ni? N ó sáré kà á."

Ìyá Ìjọ rẹ́rìn-ín. Wòsílátù ṣì ń wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì kọjú sí ẹ̀rọ rẹ̀. Inúmidùn ká bébà náà sínú báàgì. Ó bínú sí ara rẹ̀ títí kíláàsì fi parí lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ló ń bá a jà. Ó fẹ́ràn obìnrin náà ni. Nígbà tí ibà mú àkọ́bí Inúmidùn, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, orí ẹní ni Wòsílátù sùn fún ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ilé, kò mẹ́nu bà á fún ẹnikẹ́ni rí, kò sì fi yangàn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni òun fẹ́ wò níran kó lọ tẹ́ níwájú àna? Bí ojú bá tì í ní Sátidé, èmi tíṣà ni mo dójú tì í: bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún ara rẹ̀ nígbà tó ń lọ aṣọ iléèwé àwọn ọmọ rẹ̀.

*

Ní ọjọ́ Ẹtì, bí iléèwé ti parí ní aago méjì, Inúmidùn kò délé. Ó mú báírò pupa, ó gun ọ̀kadà, ó di Fọlágbadé.

Ó bá Wòsílátù tó mú bíléèdì dání, tó ń tú ọrùn bùbá kan láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ìyá Ìjọ, ọrùn tí ẹ rán yìí, ọrùn àgùntàn ni. Kò sí ọmọ èèyàn tó ní irú ọrùn yìí. Ẹ gbà, ẹ tú ìyókù."

"Ẹ ṣeun, Ma," ni ìyàwó pásítọ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì gba aṣọ rẹ̀.

Inúmidùn kúnlẹ̀ lórí àwọn ègé aṣọ tó kún ilẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìkúnlẹ̀ kékeré. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì yín."

Wòsílátù ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó sì mú un fún un. Inúmidùn ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ tó máàkì, ó dé orí máàkì kejì, ó sì fi ẹ́kìsì gbòòrò bò ó.

"Ìyá, mo purọ́ fún yín. Èyí ò gbà á. Èyí náà ò gbà á. Mẹ́ta lẹ gbà níbí, kì í ṣe mẹ́wàá. Níbí, méjì ni. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kà lọ́la, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò tọ̀nà, mo sì sọ fún yín pé ó dáa. Ẹ má bínú sí mi. Bí ẹ bá fẹ́ bínú náà, ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ má kà á bẹ́ẹ̀."

Omijé ti ń kán sórí ìwé. Ìyá Ìjọ rántí lójijì pé òwú ti tán, ó sì jáde lọ rà á, bẹ́ẹ̀ òwú kún orí tábìlì.

Inúmidùn ń fa ẹ́kìsì lọ láti ojú ìwé dé ojú ìwé, títí ó fi dé ìdánwò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Níbẹ̀ ni báírò ti dúró. Ìbéèrè kìíní ni ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ìdáhùn tó wà níwájú rẹ̀ ni "Made in China." Ìbéèrè kejì ni orúkọ ọmọ rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni "100% Polyester." Máàkì pupa rẹ̀rẹ̀ wà níwájú méjèèjì.

Ó gbé orí sókè. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

"Kà á sókè kí n gbọ́," ni Wòsílátù wí.

"Ìyá..."

"Ara ìdì òwú ni mo ti wò ó kọ. O bi mí pé níbo ni mò ń gbé, mo ní 'Made in China'. O fa máàkì sí i! O tún kọ 'Excellent' sí ìsàlẹ̀!" Ẹ̀rín tó ti há mọ́ ọn lọ́fun já. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì rẹ̀ nu.

"Ẹ mọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Nígbà ti Bàbá Walter, mẹ́ta ni mo máa ń gbà. Bí orí bá bá mi ṣe é, mẹ́rin. Wọ́n pààrọ̀ tíṣà lọ́jọ́ Ajé, mo di ọ̀mọ̀wé lọ́jọ́bọ̀. Ìwọ náà rò ó wò."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ ni mò ń dúró dè." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Wò ó, ogójì ọdún ni mo ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́. O rí Ìyá Ìjọ yẹn, ọkọ rẹ̀ ń wàásù fún ẹgbẹ̀rún èèyàn. Ṣé o gbọ́ ọ rí kí n sọ fún un pé ọrùn àgùntàn dára? Bí n kò bá tú u, ìgbà wo ló máa mọ̀ ọ́n rán? Ẹni tí mi ò bá tú iṣẹ́ rẹ̀, mi ò kà á kún ọmọṣẹ́ nìyẹn. Mo jókòó nínú kíláàsì rẹ fún oṣù mẹ́rin, o kò tú tèmi lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn mí."

Èyí gún Inúmidùn lọ́kàn ju èébú lọ. "Mo rò pé ẹ máa bínú ni, Ìyá. Bíi ti ọjọ́ apá bùbá."

"Apá bùbá wo?"

"Ní ọdún tí mo dé. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ ò fi bá mi sọ̀rọ̀."

Wòsílátù ronú, ó sì rántí. Ó pàtẹ́wọ́. "Ìyẹn lo ti gbé sọ́kàn láti ìgbà yẹn? Kì í ṣe ìbínú, ìtìjú ni! Apá yẹn fi ínṣì kan gùn ju èkejì lọ. Èmi tí mo ti gbó sídìí ẹ̀rọ, ìyàwó ọmọ mi tí kò mọ abẹ́rẹ́ fi ojú lásán rí i. Mo tú u lọ́jọ́ náà gan-an. Bí n ó ṣe wá sọ fún ọ pé òótọ́ lo sọ ni mi ò mọ̀."

Inúmidùn kò mọ̀ bóyá kó sunkún sí i tàbí kó rẹ́rìn-ín, ló bá ń ṣe méjèèjì pọ̀.

"Ti ọ̀la ńkọ́, Ìyá? Ṣé ẹ fẹ́ kà á bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ ni?"

"Mo ní kí n wò ó bóyá wàá jẹ́ kí n rìn wọ kòtò. Bí o kò bá wá lónìí, eyín ni ì bá máa dùn mí lọ́la tí mi ò fi ní lè sọ̀rọ̀. Mo ti ya aṣọ tí n ó fi di àgbọ̀n sọ́tọ̀." Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ó tó. Dìde kúrò nílẹ̀ kí abẹ́rẹ́ má gún ọ. Máàkì ọ̀rọ̀ ọ̀la yẹn fún mi, kó o má sì ṣojú àánú."

Gbólóhùn mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Inúmidùn kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣàlàyé, ó fa ẹ́kìsì níbi tó yẹ. Nígbà tó parí, ó kọ mẹ́rin nínú mẹ́wàá sí ìsàlẹ̀. Wòsílátù gba ìwé náà, ó gbé e sún mọ́ ojú ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì wò ó dáadáa bí ẹni tó ń wo aṣọ olówó iyebíye.

"Mẹ́rin," ló wí. "Èyí ni tèmi."

Wọ́n jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń tú, wọ́n ń tún un rán. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti jà.

"Gẹ̀ẹ́sì kì í kí èèyàn kú ìjókòó, Ìyá."

"Kí wá ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó bá jókòó?"

"Wọn kì í sọ nǹkan kan."

"Wọ́n á kàn jókòó bẹ́ẹ̀? Bí ẹran?" Wòsílátù mi orí. "Fi ẹ́kìsì sí i, mo gbà. Ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Mi ò lè pe èèyàn láti Úyò kí n má kí i kú ìjókòó."

Nígbà tí Inúmidùn ń múra àtilọ, ó pè é padà. "Ó ku ohun kan. Lọ́jọ́ Ajé, pe orúkọ mi."

"Ìyá! Ẹnu mi ò gbà á."

"Ẹnu tó lè sọ pé mi ò gbà á, ó máa gba orúkọ mi. Nílé, ìyàwó mi ni ọ́, mi ò sì ní jẹ́ kí o gbàgbé. Nínú kíláàsì, tíṣà ni mo wá wá, kì í ṣe ìyàwó."

*

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá Matilda sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú Ernest àti àbúrò ọkọ rẹ̀ kan. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìdí sórí àga ni Wòsílátù dìde dúró láàárín pálọ̀, tó wọ léèsì aláwọ̀ pupa rúsúrúsú. Inúmidùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná di àwo ìkọ́kọrẹ́ mú gírígírí.

"You are welcome to our house," ni Wòsílátù wí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. "How was the journey? We are happy to see you. Well done for sitting down."

Màmá Matilda wo àga tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dìde díẹ̀, ó tún jókòó dáadáa, ó ní, "Thank you!" Ló bá kó ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ń sọ ti ọ̀nà, ó ń sọ ti ìlera àna rẹ̀ pé báwo lara ti rí láti ìgbà àìsàn yẹn, ó ń sọ ti ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì ń tú jáde bí àgbàdo tó já lápò. Ayọ̀tọ̀míwá fẹ́ ṣe ògbufọ̀. Ìyá rẹ̀ fi ojú dá a dúró, ó sì na ọwọ́ sókè gan-gan bí ẹni tó wà nínú kíláàsì.

"Please, Ma," ló wí. "Slowly. I am learning. I have four over ten."

Màmá Matilda wò ó. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn, ó dìde, ó sì gbá Wòsílátù mọ́ra. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ báyìí, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe, títí ó fi yé Wòsílátù láìsí ògbufọ̀. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá tòun náà. Ó ní pàṣán ni tíṣà òun fi kọ́ òun ní abúlé, òun sì gba méjì nínú mẹ́wàá títí ó fi sú ìyá òun. Ta ló wá ń kọ́ Wòsílátù?

Inúmidùn ti gbé omi dé, ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú tírè lọ́wọ́.

Wòsílátù fi ìka hàn án. "This is my teacher," ló wí. Ó bá yí sí Yorùbá. "Dìde, ọmọ mi. Tíṣà kì í kúnlẹ̀ gbé omi."

"Ó di Ọjọ́ Ajé kí n tó di tíṣà, Ìyá," ni Inúmidùn dá a lóhùn, kò sì dìde. "Sátidé la wà lónìí."

Ẹ̀rín pa Bọ́dúnrìn àti Ayọ̀tọ̀míwá. Màmá Matilda ń bèèrè pé kí ló sọ, kí ló sọ, Wòsílátù sì gbìyànjú gbogbo agbára rẹ̀ láti ṣàlàyé.

"She say today is Saturday."

Kò yé obìnrin Úyò rárá, ṣùgbọ́n ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Wòsílátù sì padà jókòó, Màmá Matilda nawọ́ sí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ní, "My sister, well done for sitting down!" Wòsílátù yíjú wo tíṣà rẹ̀ láti ìjókòó, ó sì ṣẹ́jú sí i lẹ́ẹ̀kan.

*

Lọ́jọ́ Ajé, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, Mukhtar ti jẹ́ "Present, Ma" tirẹ̀. Inúmidùn wo orúkọ tó kàn. Ó wúkọ́. Obìnrin orí bẹ́ǹṣì iwájú kò wo fèrèsé lónìí, òun ló ń wò. Orúnkún Inúmidùn fẹ́ tẹ̀, ó mú un dúró.

"Wòsílátù," ló wí.

Kò dún ju kí eṣinṣin fò lọ.

"Mi ò gbọ́," ni Wòsílátù wí.

Inúmidùn gbé orí sókè.

"Nọ́ńbà kẹsàn-án. Wòsílátù Ọládiípọ̀!"

Ìyá ọkọ rẹ̀ dìde dúró pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó lẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí Bàbá Walter ti kọ́ wọn.

"Present, Ma!"

Inúmidùn fa máàkì síwájú orúkọ náà. Máàkì yẹn, òótọ́ ni. Ó wá kọjá sí nọ́ńbà kẹwàá.